Bí ẹ ṣe máa ṣí sitúdíò yín fún ará ìlú nígbà ooru, tí ẹ bá ń ṣàlejò iṣẹ́ ọnà ní London

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Oníṣẹ́ ọnà wa kan á rí ètò ìgbàlejò gbà sí London. Wọ́n á fún un ní sitúdíò fún oṣù mẹ́ta, á ṣiṣẹ́ bí ẹní máa kú. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó padà sílé, wọ́n á ní kó ṣílẹ̀kùn kí ará ìlú wá wo ohun tó ń ṣe. Ọjọ́ á pé, èèyàn á máa wọlé, wọ́n á fojú yí ògiri ká, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á jáde. Ìṣẹ́jú méjì péré. Bílẹ̀ bá ṣú, oníṣẹ́ ọnà á jókòó ti tábìlì, á máa bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti ṣì í ṣe.

Èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo gbá sitúdíò mọ́ tónítóní. Mo kó ìkòkò ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìẹ àti aṣọ tí mo ń fà lọ́wọ́ pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá fi àdìrẹ mẹ́rìnlá tó ti parí kọ́ ara ògiri. Ìyá àgbà kan wọlé, ó wò yíká, ó ní: “Ó mà dára o. Ṣùgbọ́n níbo gan-an lẹ ti ń ṣiṣẹ́?” Mi ò rí èsì fún un. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ló wá wò, èmi sì ti lọ fi pamọ́ fún un.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí òun niṣẹ́ mi: aṣọ tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí lára kí a tó rẹ ẹ́ sí aró. Ayàwòrán, agbẹ́gilére àti amọ̀kòkò lè tẹ̀lé ìgbésẹ̀ kan náà.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Iṣẹ́ mẹ́rin tí kò sí ní ìpele kan náà. Ìgbésẹ̀ kẹta ló ṣàlàyé èyí.
- Tábìlì méjì: ọ̀kan tí ẹ ó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan tí àlejò lè fọwọ́ kan ohun tó wà lórí rẹ̀.
- Aṣọ funfun tí ẹ gé wẹ́wẹ́, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, báàkẹ́tì onídèérí, àkísà, omi tó pọ̀.
- Téèpù aláwọ̀ tó hàn ketekete, tí ẹ máa lẹ̀ mọ́lẹ̀.
- Ìwé tí àlejò máa kọ orúkọ àti ímeèlì sí, pẹ̀lú bírò mẹ́ta.
- Ẹnìkan tó máa bá yín ṣe é. Ẹ má dá a ṣe o. Ẹni tó ń fa ẹ̀kọ sórí aṣọ kò lè máa ṣọ́ ìkòkò aró, kó tún máa kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó gbà yín lálejò

Ẹ béèrè ní kété tí ẹ bá dé, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Àkọ́kọ́: ṣé mo lè ta nǹkan? Èkejì: ṣé ìwé adójútòfò yín dé ọ̀dọ̀ mi bí àlejò bá ṣubú nínú sitúdíò mi? Ẹ̀kẹta: kí ni mi ò gbọdọ̀ dà sínú gọ́tà, kí ni mi ò sì gbọdọ̀ kàn mọ́ ògiri?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù. Tó bá jẹ́ físà Standard Visitor lẹ fi wọ Britain, òfin ìwọlé wọn kò fàyè gba kí ẹ máa ta ọjà tààrà fún ará ìlú. Àlejò lè gbé owó sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ẹ ò sì ní fura pé ẹ ti rú òfin. Mo mọ̀ bó ṣe ń dun èèyàn láti kọ owó, pàápàá ẹni tó jẹ gbèsè kó tó rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹ ní kí àwọn tó gbà yín lálejò sọ ọ̀nà tó bófin mu fún yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọn ò bá rí ọ̀nà, ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ ìwòran nìkan, kò sì burú.

*Àyẹ̀wò:* èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ímeèlì tí ẹ lè ṣí hàn ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po tíì, ẹ ò tíì kúrò ní ìgbésẹ̀ kìíní.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mú ọjọ́ àti wákàtí

Láti ìparí oṣù kẹfà sí àárín oṣù keje, aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń lù ní London kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ ẹtì, láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, fún àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kí ẹ tún wá ṣí i ní ọ̀sán ọjọ́ àbámẹ́ta, láti aago méjìlá sí márùn-ún, fún àwọn tó ní ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra fún òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ. Ìgbà yẹn ni Notting Hill Carnival máa ń wáyé. Tí sitúdíò yín bá wà ní ìwọ̀ oòrùn London, wọ́n á ti ti ojú ọ̀nà pa, bọ́ọ̀sì ò ní gba ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Tí àyè bá wà, ẹ kọ́kọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò sí ibòmíràn. Gasworks wà ní Vauxhall, láti 1994 ló sì ti ń gbàlejò oníṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí sitúdíò, ẹ má wo iṣẹ́ nìkan. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn: níbo ni wọ́n ti dúró pẹ́, níbo ni wọ́n ti kọjá wìì?

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ to iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni kí ẹ lo àsìkò yín sí jù.

Bí mo ṣe ń to tèmi nìyí, láti ọwọ́ òsì ẹnu ọ̀nà lọ:

a. Aṣọ funfun tí mo ti fi ìlà ẹ̀kọ pín sí ojúlé-ojúlé, tí kò tíì sí nǹkan kan nínú ojúlé náà.

b. Aṣọ tí mo fà dé ìdajì. Orí tábìlì lèyí máa ń wà, òun ni mo sì máa ń ṣe níwájú wọn.

d. Aṣọ tí ẹ̀kọ ti gbẹ lára rẹ̀, tó ti le gbagidi, tó ń dúró de aró.

e. Aṣọ tó ti wọ aró, tó sì ti gbẹ, tí mo ha ẹ̀kọ kúrò lára ìdajì rẹ̀, tí mo sì fi ìdajì kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aṣọ kẹrin yìí ló máa ń dá wọn dúró. Apá kan ṣì dúdú, ẹ̀kọ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpá. Apá kejì ti yọ, ó funfun níbi tí ẹ̀kọ ti bò ó, ó sì rẹ̀ dòdò níbi tí aró ti gbà á. Mo máa ń fi ọ̀bẹ tí kò mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí àlejò ha díẹ̀. Ẹ̀kọ á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń ha èèpá ìrẹsì nídìí ìkòkò, á máa já bọ́ sórí tábìlì ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ìlà tí mo fà lọ́sẹ̀ tó kọjá á sì máa yọ jáde lábẹ́ ọ̀bẹ wọn. Mo ti rí àgbà ọkùnrin kan tó lo ogún ìṣẹ́jú nídìí rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń fà á lápá pé àwọn ti pẹ́.

Tí ẹ bá ń fa àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òpó Màpó lẹ máa fà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 ló wà nínú àwòrán náà, òpó rẹ̀ rèé, ṣíbí rèé láàárín wọn. Ẹ tẹ fọ́tò gbọ̀ngàn náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì. Àlejò á wo fọ́tò, á wo aṣọ, á na ìka: “Òpó yẹn nìyí!” Ẹ ò ní nílò àlàyé gígùn mọ́.

Ní ti àwọn agbẹ́gilére wa, wọ́n ti ní orúkọ fún ìpele mẹ́rin láti ọjọ́ aláyé ti dáyé: ọnà lílé (kíkọ́kọ́ gé igi sí ìrísí), àlétúnlé (títún ìrísí náà gé sí wẹ́wẹ́), dídán (mímú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀), fínfín (gígé ọnà sí i lára). Igi mẹ́rin ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ yìí sábẹ́ wọn ní Yorùbá gan-an. Ayàwòrán lè gbé kánfáàsì tí kò ní ju ìlà pẹ́ńsù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti kun dé ìdajì. Ó máa ń ti àwọn ayàwòrán lójú láti ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ẹ gbé e síta.

*Ìkìlọ̀:* òjò máa ń rọ̀ nígbà ooru níbẹ̀ náà. Ẹ̀kọ tó ń gbẹ lọ́sàn-án kan ṣoṣo ní Òṣogbo ti gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko nínú yàrá London. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni kí ẹ ti fa aṣọ ìpele d. Ẹ má sì gbé e síwájú hítà kó lè tètè gbẹ: ẹ̀kọ á sán, aró á gba ojú ibi tó sán wọlé, ìlà yín á dàrú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ pe ẹnìkan tí kò mọ àdìrẹ rárá. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó sọ èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e. Tó bá tò wọ́n bó ṣe yẹ, ó ti yọrí. Tó bá ṣì í tò, ẹ gbé aṣọ wọ̀nyẹn sún mọ́ ara wọn, ẹ sì kó gbogbo iṣẹ́ mìíràn tó wà láàárín wọn kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tún yàrá ṣe, ẹ má tún un ṣe jù

Ẹ gbálẹ̀, ẹ kó ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ẹ fi àbàwọ́n aró sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ fi ìwé tí ẹ fi ń dán ìlà wò sílẹ̀ lára ògiri. Ní MacDowell, ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò oníṣẹ́ ọnà ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, nígbà ooru, ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn sitúdíò fún ará ìlú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi àmì-ẹ̀yẹ wọn dá oníṣẹ́ ọnà kan lọ́lá. Láti 1907 ni ibẹ̀ ti wà, pákó sì wà nínú sitúdíò kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹni tó bá wọlé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èèyàn ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni kí sitúdíò yín ní.

Aró ni kó ní igun tirẹ̀. Ẹ fi téèpù fa ìlà sílẹ̀, kó jìnnà sí ìkòkò ní mítà kan. Kí ìdèérí wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ ò bá lò ó, kí olùrànlọ́wọ́ yín má sì kúrò nídìí rẹ̀. Lọ́dún kejì tí mo ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó yíjú. Omi eérú ni mo fi ṣe aró ọjọ́ náà, kò le, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ló fọ̀ ọ́ kúrò. Ká ní kọ́sítíìkì sódà ni, awọ ọmọ ọlọ́mọ ì bá bó. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé aró oní-kọ́sítíìkì síbi tí ará ìlú ti ń wọlé mọ́, mo sì bẹ yín kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán, àkísà ni kí ẹ bẹ̀rù. Àkísà tí òróró linseed wà lára rẹ̀ máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Tí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo irin onídèérí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ yá kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ tì í láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà àbájáde láìgbé e sókè, láìsún nǹkan kan. Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ ni èrò máa dì sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lébẹ̀lì àti iye owó

Lébẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́rin lọ: orúkọ iṣẹ́, ohun tí ẹ fi ṣe é, ìpele tó wà, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àlejò lè fojú ara rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ náà. Ẹ tẹ lẹ́tà tó tóbi.

Tí wọ́n bá ti gbà kí iṣẹ́ yín di títà, ẹ kọ iye owó sí ìwé kan, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Ẹ má bu owó lé e nítorí pé ẹ rò pé wọ́n á ná an bí wọ́n ṣe ń nájà ní Dùgbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ná ọjà. Wọ́n á wo iye náà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Kí ẹ sì ti mọ iye tí àwọn tó gbà yín lálejò máa yọ nínú owó kí ẹ tó dá iye lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kéde rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ọjọ́ méjì. Àwọn tó gbà yín lálejò á sọ fún àwọn èèyàn tiwọn. Àwọn èèyàn wa ni ó kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ fi sí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ mú ìwé ìkéde lọ sí Rye Lane ní Peckham, ẹ bẹ àwọn tó ń ta aṣọ àti oúnjẹ wa kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Kí postcode wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá àtẹ̀gùn wà tàbí kò sí, nítorí àwọn ìyá wa tí orúnkún ń dùn.

Ìgbésẹ̀ keje: Lọ́jọ́ náà

Ẹ jókòó ti iṣẹ́, kí ọwọ́ yín máa ṣe é. Nílé wa, bí àlejò bá wọlé, a ó dìde, a ó kí i, a ó fún un níjòókòó. Níbẹ̀ yẹn, tí ẹ bá tètè dìde sí wọn, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ tajà fún wọn, wọ́n á sá. Ẹ gbójú sókè, ẹ kí wọn, ẹ padà sídìí iṣẹ́. Tí wọ́n bá sún mọ́ tábìlì, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe lọ́wọ́: “Ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ rèé. Ibi tó bá bò, aró kò ní débẹ̀.” Ẹ dákẹ́. Ìbéèrè á tẹ̀lé e.

Ẹ yan àsìkò mẹ́ta fún rírẹ aṣọ sí aró, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Aṣọ wẹ́wẹ́ tí ẹ gé yẹn lẹ máa lò. Bó bá ti ń jáde nínú ìkòkò, ó máa rí bí ewé tútù, tó ń pọ́n díẹ̀. Ẹ nà án sókè, kí afẹ́fẹ́ kàn án. Àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti etí aṣọ wọnú, á di búlúù lójú wọn. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

*Ìkìlọ̀ tó ká mi lára jù:* àlejò á bi yín ní ìtumọ̀ ohun gbogbo, ẹ ó sì rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ gbọ́ awo. Ẹ má hùmọ̀ ìtàn òrìṣà fún wọn. Bí àwòrán kan bá jẹ́ ẹyẹ, ẹ sọ pé ẹyẹ ni. Bí ẹ bá mọ orúkọ àwòrán, tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀, ẹ sọ orúkọ náà kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Irọ́ tí ẹ bá pa láti mú inú àlejò kan dùn á wọ ìwé ẹlòmíràn, àwọn ọmọ wa á sì lọ kà á níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn.

Àwọn ọmọ wa yẹn náà á wá o, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá lọ́dún kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí èrò fi dín kù. Ó wá fa ìró àdìrẹ kan jáde nínú àpò ọ̀rá, ti ìyá ìyá rẹ̀. Ó ti gbó, àárín rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú ìrán ibi tí wọ́n ti so aṣọ méjì pọ̀ ṣì gún régé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kí ló wà lára rẹ̀?” A tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé àkọ́kọ́. Mo pa iṣẹ́ tì fún ìdajì wákàtí, àwọn àlejò yòókù sì yí wa ká, kò sẹ́ni tó jáde. Nítorí irú èyí ni tábìlì kejì yẹn fi gbọ́dọ̀ ṣófo díẹ̀ nígbà gbogbo.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tẹ́tí sí àwọn àlejò tó wá ní méjì-méjì. Tí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀kan ń ṣàlàyé fún èkejì bí ẹ̀kọ ṣe ń dí aró lọ́nà, tí kò wo ojú yín rárá, ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nígbà tí wọ́n bá lọ tán

Ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹni tó fi ímeèlì sílẹ̀ kí ọjọ́ méjì tó kọjá. Òfin Britain fẹ́ kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ máa fi ímeèlì wọn ṣe, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sókè ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò kan, ìlà mẹ́ta, orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n dúró tì pẹ́ tí ẹ bá rántí. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ti gbàgbé yín.

Ẹ má da aró sínú gọ́tà láìwo èsì ìbéèrè kẹta. Ẹ kọ ìbéèrè tí wọ́n bi yín lẹ́ẹ̀mẹta jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ni lébẹ̀lì yín tó ń bọ̀. Kí ẹ sì fọ ìyẹ́ adìẹ kí ẹ tó sùn, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Tí ẹ̀kọ bá gbẹ mọ́ ẹnu rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò ní fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, àti lọ́jọ́ àbámẹ́ta ẹ ṣì máa nílò rẹ̀.